Ìyá Tó Ń Gbálẹ̀ Nínú Ìkùukùu

Ẹ lè ní irọ́ ni mo ń pa, n kò ní bá yín jà. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní ibà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru. Ojú mi méjèèjì ló rí i, àpá rẹ̀ sì wà lórúnkún mi báyìí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀.

N kò ní dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun títí di òní. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé orí òkè gíga kan ló wà, ní àríwá Èkìtì wa níbí. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, tí ẹ bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ ó máa wo àwọn òrùlé ìlú Ìsàn nísàlẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan da ẹ̀wà sílẹ̀. Èmi ni mo máa ń jókòó nídìí káńtà, tí mo ń gba àlejò, tí mo ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ràn kí àlejò bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kó máa fi ìka ro etí nítorí pé gígun òkè ti dí i létí, kó wá wo iwájú, kó rí i pé ìkùukùu wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ òun. Nígbà òjò, ìkùukùu a máa gba ojú fèrèsé wọlé bá èèyàn lórí ibùsùn. Ọkùnrin kan láti Èkó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan pé yàrá òun ń jóná. Mo sáré lọ. Ìkùukùu ni. Ó dúró sáàárín rẹ̀ tòun ti tówẹ̀lì ní ìbàdí, ó ń fọwọ́ lé e bí ẹni ń lé ẹ̀fọn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ìwé kan wà lórí káńtà tí àlejò máa ń kọ̀wé sí kí wọ́n tó lọ, bóyá wọ́n gbádùn tàbí wọn kò gbádùn. Èmi ni mo máa ń kà á. Inú ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbúròó rẹ̀.

Tọkọtaya kan láti Ìlọrin ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kí a bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn láàárọ̀, pé ó kí àwọn bí ìyá ṣe ń kí ọmọ. Mo rò pé ìyàwó Bàbá Gáàdì ni wọ́n ń sọ. Bàbá Gáàdì ni àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Àṣé ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, kò gun òkè náà rí.

Kò pẹ́ sígbà náà, oníṣòwò kan láti Kánò kọ tirẹ̀. Ó ní ìyá àgbà yín tó ń gbálẹ̀ mà gbọ́ Haúsá o, Haúsá àwọn àgbà, irú èyí tí ìyá òun àgbà ń sọ.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìyá àgbà kankan tó ń gbálẹ̀ fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ méjì ló ń gbálẹ̀, wọn kì í sì í dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Inú mi ló dùn, bí ìgbà tí èèyàn ń retí àlejò pàtàkì. Mo bi Bàbá Gáàdì. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní, "Máa ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi." Ó bá dìde kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Ngunan dé.

Olùkọ́ ni obìnrin yìí ní yunifásítì, ọmọ Tiv láti Benue. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nílé. Ọ̀nà kò dára nígbà náà, kò lè délé títí wọ́n fi sin ín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tí mo ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì lè sunkún, pé ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni òun ń wá. Mo fún un ní yàrá ìkángun, èyí tó kọjú sí ẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi nídìí káńtà. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ni ìyá tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn yẹn?"

Ọkàn mi fò sókè. "Ṣé ó bá yín sọ̀rọ̀ ni, mà?"

"Tiv ló sọ sí mi. Ó ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábúlé wa gan-an." Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. "Ó bi mí pé kí ló mú mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ìkùukùu bá bò lọ́la, òun á mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń rí ilé wa."

Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní fẹ́ rí irú rẹ̀? Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kí ìkùukùu bò. Èmi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó sì bò. Nígbà tí aago méje lù, n kò rí ẹnu ọ̀nà mọ́ láti ìdí káńtà. Mo dìde, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ṣà. Ṣà. Ṣà. Kò kánjú rárá.

Mo rí Dókítà níwájú. Ó ró aṣọ ìbílẹ̀ wọn, èyí tó ní ìlà dúdú òun funfun, ìlà wọ̀nyẹn ni mo fi ń mọ ibi tó wà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti kọjá ìgànná kúkurú tí a kọ síbẹ̀ pé kí àlejò má kọjá. Mo pè é, "Dókítà, mà." Ó ń lọ ní tirẹ̀.

Níwájú tirẹ̀, mo rí ẹ̀yìn ẹnìkan tó tẹ̀, ó ró aṣọ dé abẹ́ apá, ìgbálẹ̀ kúkurú lọ́wọ́. Kò kọjú sí wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Ó wá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Tiv o.

"Ulé ńkọ́, ọmọ mi?"

Ìlú Ifisin ni wọ́n ti bí ìyá mi àgbà, ẹni tí mo ń pè ní màmá. Wọn kì í pe ilé ní ilé níbẹ̀, ulé ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ ni. Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè láti fi ṣe epo bò mí nímú, nítorí iṣẹ́ epo ni màmá ṣe kó tó kú. Ẹni náà sì pe oríkì mi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin màmá. N kò ní pè é níbí.

Ohun tó ń kó jìnnìjìnnì bá mi títí di òní nìyí: ẹ̀rù kò bà mí. Ayọ̀ ni. Ayọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ̀gbà tí mo fi lanu.

Mo ní, "Mò ń bọ̀, màmá."

Ẹsẹ̀ mi ń lọ. Ìkùukùu là díẹ̀ níwájú, mo rí ulé màmá, ògiri amọ̀ rẹ̀ tó ti wó kí n tó wọ girama, ó dúró gbọn-in, èéfín ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Bàtà iṣẹ́ mi ló yọ̀ lórí àpáta. Mo fi orúnkún lulẹ̀, ìrora náà wọ̀ mí dé ọpọlọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé kò sí ilé kankan níbẹ̀. Mo na ọwọ́, mo di etí aṣọ Dókítà mú.

Kò bojú wẹ̀yìn. "Fi mí sílẹ̀. Kò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ní mo ti pẹ́ jù."

Mo jókòó pa sórí àpáta, mo fi gbogbo ara fa aṣọ náà. Ó ṣubú lé mi lórí. A wà bẹ́ẹ̀, a di ara wa mú. Ìgbálẹ̀ náà ṣì ń lọ. Ṣà. Ṣà. Ó ń jìnnà sí wa. Ó sì dàbí ẹni pé ó ń lọ sísàlẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wá fẹ́, ìkùukùu ká.

Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ilẹ̀ mọ́. Igi kòkó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n kéré bí ewé ẹ̀fọ́. Ọ̀kadà kan ń lọ sí Ìsàn, n kò gbọ́ ìró rẹ̀ rárá.

Àpáta náà tutù fún ìrì, ojú ìgbálẹ̀ sì wà lára ìrì náà, ìlà lórí ìlà, títí dé etí rẹ̀. Mo rá lọ síbẹ̀, mo yọjú. Ojú ìgbálẹ̀ náà kò dúró létí àpáta. Ó tẹ̀ lé ara òkúta náà lọ sísàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ alààyè kankan kò lè tẹ̀.

Dókítà wá sunkún níkẹyìn. Ó sunkún gan-an. Ó ní òun rí igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà wọn, pé wọ́n ti gbé àga síta de òun.

Nígbà tí a padà, Bàbá Gáàdì wo ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi. Kò bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ta ló dá a lóhùn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní, "Àwa méjèèjì, bàbá. Mo ní mò ń bọ̀."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. "O sọ fún un pé o ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà, bí ìkùukùu bá ti bò, á gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà mi, kò sì ní dìde títí oòrùn á fi yọ.

Dókítà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ gba yàrá ìkángun lẹ́ẹ̀kan sí i, lásìkò ìkùukùu. Mo purọ́ fún un pé a ti kún. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé kò wù ọ́ láti gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ tìrẹ?"

Mo pa fóònù náà. Ẹ má bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ wá, ẹ wá o. Atẹ́gùn òkè wa dùn, a ó sì tọ́jú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan tí ẹ kò rí ojú rẹ̀ bá fi èdè ìyá yín kí yín nínú ìkùukùu, ẹ má dá a lóhùn. Pàápàá bí ohùn náà bá jẹ́ èyí tó ti ń wù yín tipẹ́ láti gbọ́.