Òkúta Tí Mo Purọ́ Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra iyọ̀ ní Adó yìí, mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Aṣa-òkúta ni wọ́n ń pè wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà títí dòní, ojú kò sì tì mí.

Tíṣà kan ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ó ní nínú òkúta ìlú òun, èèyàn lè rí ìkarahun àti egungun ẹja tó ti kú kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé, tí àwọn fúnra wọn ti di òkúta. Ó mú ọ̀kan wá fún wa wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya wèrè òkúta.

Ọmọdé mẹ́fà ni wá, pẹ̀lú káfíńtà kan tó bá wa kan àpótí. Ní gbogbo Sátidé, bí a bá ti gbálẹ̀ tí a fọṣọ tán, a ó tẹ̀ lé etí odò, a ó dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga, a ó dé ibi tí katapílà ti la òkè láti fi ṣe títì, bóyá a ó rí irú òkúta tíṣà. Òfin kan ṣoṣo ló wà. Kí òkúta tó wọ àpótí, o gbọ́dọ̀ fi yíǹkì kọ ibi tí o ti rí i sí ara rẹ̀. Tíṣà a máa ní òkúta tí a kò mọ ilé rẹ̀, òkò lásán ni, kí a fi lé ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan tó kàwé nípa ilẹ̀ àti òkúta wá wò wá. Ó tú àpótí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní inú iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni òkúta Èkìtì ti jinná, pé ó ti wà kí ẹja àti ìgbín tó wà, nítorí náà bí a bá wá a títí tí a ó fi hu ewú, a kò ní rí egungun kankan níbẹ̀. Ó ní kí tíṣà kó wa padà sídìí ìṣirò. Tíṣà rọra ń to òkúta padà sínú àpótí. Àmọ́ inú bí mi! Ta ni yóò wá dúró nínú ìlú mi, tí yóò máa sọ pé ilẹ̀ wa kò ní nǹkan nínú?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó òkúta ẹfun bàjẹ́ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Wọ́n já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n kó o padà, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sílẹ̀. Mo ṣà á wò. Ìkarahun kan wà lára ọ̀kan, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ kékeré. Mo mú un relé, mo fi yíǹkì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Ìgèdè, odò ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà.

Nígbà tí tíṣà rí i, díẹ̀ ló kù kó jó. Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ kó lọ sí Ìgèdè, ìlú Èkìtì kan nítòsí Adó, sílé ìyá ìyá mi. Tíṣà ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yẹn pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Inú àpò ẹ̀wù ló fi í sí. Ó ní bí a bá ti ń padà lòun máa fi ránṣẹ́. A wa odò yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn wá lórí. Káfíńtà wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún. Tíṣà ká ṣòkòtò rẹ̀ tó dára jù lọ sókè, ó sì ń fọwọ́ kan àpò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá omi ti kan lẹ́tà náà.

Ìyá àgbà gbé iṣu sísun àti epo wá fún wa. Ó gba òkúta náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Ulé yìí ni mo bí ìyá rẹ sí,” ó sọ fún mi. “Odò yìí ni mo ti ń pọnmi látìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó. Mi ò rí irú èyí rí.” Ó wò mí lójú, ó fi iṣu lé mi lọ́wọ́. “Jẹ uṣu rẹ, ọmọ mi.”

Mo gbé iṣu náà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yẹn bá lọ, tíṣà ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́, kì í ṣe èmi. Àlejò ni láàárín wa, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́.

Ọmọ kan ju ẹrẹ̀ lù mí. Tíṣà jáde nínú odò, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ títí, ó ní kí ló dé tí mo fi purọ́. Mo ní, “Torí ó fi wá rẹ́rìn-ín, sà.” Kò nà mí. Ó gbé kálámù àti yíǹkì fún mi, ó ní kí n má fọ èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, kí n fa ìlà lé e, kí n kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́: Adébáyọ̀, etí títì, ọkọ̀ ló já a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ lẹ́tà rẹ̀, ó fà á ya, ó jókòó lórí àpáta, ó kọ òmíràn. Ó kà á sí wa létí: “Ẹ̀yin lẹ jàre, sà. Kò sí egungun nínú òkúta Èkìtì. Ẹgbẹ́ wa yóò tún pàdé ní Sátidé.” Káfíńtà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń lọ sílé, òkúta odò Ìgèdè ló kún àpò wa, èyí tó ń dán àti èyí tó dúdú, tí wọ́n dàgbà ju egungun èyíkéyìí lọ. Láti ọjọ́ náà, òkúta ilẹ̀ wa gan-an la ń ṣà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ọ̀kadà lẹ fi ń lọ síbi tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ, fóònù yín sì ń ya àwòrán kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Mo yọ̀ fún yín. Àmọ́ lọ́dún yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ya àwòrán òkúta mi, ó fi àtàǹpàkò bo ibi tí yíǹkì wà, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Ìgèdè la ti rí i. Ó ní, “Màmá, ìlú wa ló máa gbayì.” Mo ní kó yọ ọ́ kúrò kí n tó dìde lórí àga. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni Èkìtì fi máa gbayì, kò tíì mọ Èkìtì.

Ó tún un yà, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní èèyàn mẹ́ta péré ló wò ó. Mo ní mẹ́ta yẹn tó mi.

Òkúta náà wà lórí tábìlì mi, pẹ̀lú irọ́ mi àti ìlà tí mo fà lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá ń pín ẹrù mi, ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fún. Ẹ ṣáà má fọ̀ ọ́.