Ìyá Tú-u-ká àti Apá Òsì Gáùn Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá gbé aṣọ fún Ìyá Tú-u-ká, ọ̀gá iṣẹ́ ló gbé e fún, ṣùgbọ́n kó má dá ọjọ́ o! Láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí obìnrin yìí ti ń jókòó nídìí masín ìránṣọ, ojú ìrán tó bá fi bí ìwọ̀n irun orí kan yà báyìí, réésà ni. Á tú u ká, á tún un rán. Oníbàárà á kùn, á fajúro, ṣùgbọ́n tó bá wọ aṣọ náà tán, ẹ̀rín ni. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn, kì í sì í bínú sí i.

Nígbà tó wá kan gáùn ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ara gáùn jókòó. Apá ọ̀tún jókòó. Apá òsì ló di wàhálà. Ó rán an, ó gbé e wò, ó wọ́. Ó tú u. Ó tún un rán, ó tún wọ́. Nígbà tó fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ ti lu aṣọ náà débi pé tí wọ́n bá tún tú u lẹ́ẹ̀kan péré, yíya ló kù. Irú aṣọ náà ti tán lọ́jà, ọ̀la sì ni ìgbéyàwó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ṣé kò wọ́?"

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, fi rúlà lé e. "Ó gún régé."

"Ẹ kàn fẹ́ kí n wá jẹun ni."

"Rúlà ò fẹ́ ẹ níyàwó. Kí ló máa torí ẹ̀ parọ́?"

Ó gbójú sókè kó dá a lóhùn, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sára férémù ilẹ̀kùn. Férémù náà tẹ̀ láàárín. "Ìgbà wo ni ilẹ̀kùn yìí wọ́?"

Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé férémù náà dúró lọ́dún tí wọ́n kó wọlé. Kò bínú. Ẹ̀rù ló bà á. "Ìyá, ilẹ̀kùn ò wọ́ o. Lọ́jọ́ Ajé, a máa lọ rí dókítà ojú."

Háà! Ta ni kó wá gbà gbọ́ báyìí? Ó dijú, ó fi ìka tọ ojú ìrán náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́: ó gún. Ó lajú: ó wọ́. Ṣé ìka ló ń parọ́ ni àbí ojú? Ojú tó fi kọ́ṣẹ́, tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin! Tó bá sì jẹ́ ojú ni, mélòó nínú aṣọ tó gún régé ló ti tú ká láti ọdún tó kọjá? Orí rẹ̀ dàrú. Ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ bínú, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ọmọ náà wọ gáùn, ó dúró síwájú rẹ̀. "Màmá, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni mo gbà gbọ́ tó bá di ti aṣọ. Ó dáa àbí kò dáa?"

Apá òsì náà wọ́ kedere. Réésà wà lọ́wọ́ ìyá.

"Lójú mi, ó wọ́," ló wí. "Bàbá ẹ ní ó gún. Ìka mi náà ní ó gún. Èmi ò mọ̀ mọ́, ọmọ mi. Gba réésà yìí, lọ fi pamọ́. Tí mo bá béèrè ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, má fún mi."