Kérésì Tí A Fẹ́ Lọ Gun Kẹ̀kẹ́ Òfuurufú l'Ékòó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, mo rò pé Ìdógùn ni Kérésì ń gbé. Ọ̀wọ̀ ni ilé tiwa wà, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń la ètè wa, tí màmá wa sì ń fi àdín pa wá lára títí a ó fi máa dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú epo jáde, a mọ̀ pé ó ti tó àkókò tí a ó lọ bá Kérésì nílé ìyá bàbá wa. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Níbẹ̀ la ti ń fi màrìwò kọ́ ilé Kérésì, níbẹ̀ la ti ń yin báńgà sẹ́yìn àga àwọn àgbàlagbà, níbẹ̀ náà la ti ń jẹ àsun ewúrẹ́ tí ata rẹ̀ ń mú kí imú èèyàn ṣomi tí onítọ̀hún kò sì ní dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lágbègbè wa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, bàbá wa ló da gbogbo rẹ̀ rú. Wolé-wolé ni bàbá wa. Òun ló máa ń yọjú sínú àmù onílé bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti gbúròó bàtà rẹ̀ ládùúgbò, ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní gbogbo ojúlé. Wọ́n rán an lọ sí Èkó láti lọ kọ́ nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò ròyìn ẹ̀kọ́ kankan fún wa. Ọgbà ìṣeré kan tí ó rí níbẹ̀ ló gbà á lẹ́nu. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan wà níbẹ̀ tó ga ju ilé ìjọsìn lọ, àga so rọ̀ yí i ká, èèyàn á jókòó sórí àga, kẹ̀kẹ́ á sì máa gbé e lọ sókè, á máa gbé e bọ̀ nílẹ̀.

"Lọ́dún yìí," ló wí, tó fi èékánná ta tábìlì, "Èkó la ó ti ṣe Kérésì."

Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. Délé àbúrò mi náà fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màmá wa, tí í ṣe tíṣà tí kì í sì í tètè dùnnú sí nǹkan tí kò tíì yẹ̀ wò, rọra gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Káyọ̀dé, ta ni yóò sọ fún Ìyá Àgbà?"

Bàbá wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, gbé omi, ó mu ún tán, ó tún gbé ife òfìfo náà sẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kó sínú ọkọ̀ ìjàpá bàbá wa, a forí lé Ìdógùn. Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lójúde. Bàbá wa dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Láti ibẹ̀ náà ló ti sọ ọ́. Ìyá Àgbà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Kò burú," ló wí. "Ẹ máa lọ. Èmi àti ajá yìí la ó jọ ṣe Kérésì. N ó bá a gún iyán díẹ̀."

Ẹ wo ajá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ju ìrù. Ojú bàbá mi rẹ̀ wálẹ̀. Mo rí i pé omi fẹ́ bọ́ lójú màmá mi pẹ̀lú, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá ká fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. Káyọ̀dé kò gbà. Ó fi igi ya òbìrípo ńlá sórí ilẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó ya àga yí i ká, ó ń ṣàlàyé títí itọ́ fi ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀.

"Àga wọ̀nyí, ṣé wọ́n ní ẹ̀yìn tí èèyàn lè fara tì?"

"Wọ́n ní in, Ìyá Àgbà."

"Kí ló dé tí ẹ kò tètè sọ? Ṣebí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn mí." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. "Mò ń bá yín lọ. Àmọ́ ewúrẹ́ mi náà ń lọ o. Kérésì tí kò ní àsun nínú, ọjọ́ lásán ni."

Bí a ṣe di ẹlẹ́wúrẹ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa di ibùdó ológun. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn àdúrà, bàbá wa á to àga pálọ̀ bí ìjókòó ọkọ̀, á ní kí oníkálùkù jókòó sí àyè tirẹ̀, á wá máa fi ẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnì. A kọ́ bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ l'Ékòó pẹ̀lú. Nínú ilé, èdè Ọ̀wọ̀ là ń sọ, ọwọ́ yìí, "ọghọ́" ni lẹ́nu wa. Bàbá wa ní àwọn ará Èkó á fi wá ṣẹlẹ́yà, nítorí náà kí gbogbo wa máa sọ Yorùbá inú ìwé. Ìyá Àgbà, tó ti kó ẹrù rẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa, ní kẹ̀kẹ́ tí kò bá gbọ́ èdè Ìdógùn, kó jókòó sílé rẹ̀.

Káyọ̀dé ló ń kọ́ wa bí òyì kò ṣe ní kọ́ wa. Lábẹ́ igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé, á di èmi àti Délé lápá mú, á máa yí wa po títí ilé, igi àti àwọn adìyẹ á fi dàpọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ó ní ká rìn tààrà lọ síbi àmù. N kò dé ìdí àmù náà rí. Inú koríko ni mo máa ń bá ara mi. Lọ́jọ́ kan, Délé bì sínú bàtà òjò tí bàbá wa fi ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé, bàbá wa sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ láìwo inú rẹ̀. Ó ní ká di etí mú, ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ilé ká. "Ẹ̀yin tí ẹ ń wá òyì," ló ń wí lẹ́yìn wa, "ẹ ó rí òyì." Ìyá Àgbà ń ti ojú fèrèsé bẹ̀bẹ̀ fún wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Màmá wa ní tirẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á ni pé èrò Èkó á gbé ọmọ rẹ̀ sọnù. Ó tọ Àlááji télọ̀ lọ, aládùúgbò wa tó ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú. Àlááji ní odindi ìgàn aṣọ kan nílẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè tó ń tàn yanran, tí iléèwé kan ní kó fi rán aṣọ eré ìdárayá kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Àlááji rán an fún gbogbo wa, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe. Kò sí ẹni tó lè sọnù nínú aṣọ náà. Béèyàn bá wà ní Àkúrẹ́, á rí wa. Ràfíù ọmọ Àlááji, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ní kí n máa wo gbogbo nǹkan dáadáa bí mo bá dókè, kí n lè wá sọ ọ́ fún òun. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ní ká wá sọ ọ́ fún àwọn. A ti fọ́nnu rẹ̀ kiri pátápátá, kò sí bí a ó ṣe padà sẹ́yìn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, a gbéra. Ẹ mọ̀ pé iwájú ni búùtù ọkọ̀ ìjàpá wà. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi ewúrẹ́ sí, wọ́n fi okùn so ìdérí rẹ̀ kí ó lè ṣí díẹ̀ fún atẹ́gùn. Nítorí náà, bí bàbá wa ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, ìwo méjì àti etí méjì ló yọ síta níwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wa lọ́nà. Bàbá wa rò pé wolé-wolé ni wọ́n ń kí, ó ń dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀.

Nígbà tí a dé Ùṣò, ìlú kékeré tó wà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dúró.

"Kí ló tún dé, Ìyá?"

"Ewúrẹ́ fẹ́ mu omi. Òun náà lẹ́mìí."

Bàbá wa tú okùn. Ewúrẹ́ náà kò béèrè omi. Ó fò kọjá léjìká rẹ̀, ó balẹ̀, ó ré kọjá títì, ó di àárín ilé. Àwa náà di eré, aláṣọ ìyeyè mẹ́fà, Ìyá Àgbà lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń pe ewúrẹ́ lórúkọ tí n kò mọ̀ pé ó ní. A la àgbàlá ẹlẹ́lùbọ́ kan kọjá, a dojú agbọ̀n ọsàn dé, a ń bẹ̀bẹ̀ bí a ṣe ń sáré. Níkẹyìn, ewúrẹ́ yà sínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, a sì ya tẹ̀ lé e.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọdé ń ṣeré ìbí Jésù, àwọn tó dúró bí olùṣọ́-àgùntàn kò sì ní àgùntàn kankan. Ewúrẹ́ wa rìn lọ bá wọn tààrà, ó dúró sáàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ọmọ langidi sí. Ìjọ pariwo ayọ̀. Katikíìsì ìjọ náà, bàbá rọ̀gbọ̀dọ̀ kan tó lo awò ojú, yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ó rí wa. Ó rí aṣọ wa. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! A ti ń retí yín láti àárọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde fún ẹgbẹ́ akọrin tí a pè!"

Bàbá mi la ẹnu láti sọ òtítọ́. Mo rí i tó là á. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń fà wá lọ síwájú. Ẹnu náà ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni orin.

Orin Kérésì kan ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Káyọ̀dé ń kọ orin iléèwé, Délé ń ké pé òun fẹ́ tọ̀, èmi ń la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ìyá Àgbà kò mọ èyíkéyìí nínú wọn, ó bá gbé orin tí wọ́n fi ń gúnyán nílé rẹ̀ ní Ìdógùn, ó ń fi ọ̀pá lulẹ̀ sí i. Àwọn obìnrin Ùṣò gbé e, wọ́n jó. Nígbà tí a ṣe tán, katikíìsì nu ojú rẹ̀.

"Ohùn mẹ́rin," ló wí. "Ohùn mẹ́rin gidi! Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ irú rẹ̀."

Bàbá mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́wọ́ fún un níkẹyìn. Katikíìsì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Akọrin tí wọ́n pè kò kúkú wá. Ó ní kò sí ohun tó kan òun, ká máa bọ̀ nílé òun, ìyàwó òun ti ń gúnyán. Ní àárọ̀ Kérésì, wọ́n ní ká tún kọrin. Ní ìrọ̀lẹ́ Kérésì, ìjọ kejì gbọ́ ìròyìn, wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Kò ṣeé ṣe láti pa ewúrẹ́ mọ́ o, àwọn ọmọ Ùṣò ti fi òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n ń sunkún bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àsun. Adìyẹ la jẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ̀ǹda wa, ìsinmi bàbá wa ti parí. Kò sí ohun tó kù ju ká yí orí ọkọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀.

Lọ́nà, gbogbo wa ń ronú ohun tí a ó sọ fún àdúgbò. Bí a ṣe dúró níwájú ilé ni wọ́n ti rọ́ dé, Ràfíù níwájú, Àlááji bàbá rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ kú àbọ̀. Èkó ńkọ́?"

Bàbá mi ń wo táyà. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Èkó dára, Àlááji. Àwọn ará ibẹ̀ ṣèèyàn, ìyàwó wọn sì mọ iyán gún. Ó kàn fi díẹ̀ jọ Ùṣò ni."

Àlááji kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mi orí.

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lánàá kọjá l'Ékòó náà. Ó ní ẹ ń kọrin."

Ẹ̀rín tí bàbá mi rín lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ìyeyè rẹ̀, odindi wolé-wolé, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbá.

Lóde òní, èmi náà ti ní ọmọ. Bí Kérésì bá ń bọ̀, orí fóònù la ti ń yan ọgbà ìṣeré, orí rẹ̀ la ti ń sanwó, kò sí ẹni tó ń to àga pálọ̀, kò sì sí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ wa tutù, gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, oníkálùkù sì ń gbọ́ orin tirẹ̀ létí ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti gun gbogbo ohun tó ń yí, bí wọ́n bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á béèrè pé kí ló tún kù. N kò dá wọn lẹ́bi. Ìtura dára, àwa náà ì bá gbà á bí wọ́n bá fi lọ̀ wá.

Lọ́dún tó kọjá, a ń ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Èkó, mo ń sọ ìtàn yìí fún wọn lójú ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn mi yọ nǹkan kúrò létí, ó ní, "Mọ́mì, èwo wá ni Ùṣò?" Mo yíjú sí fèrèsé láti nàka sí i fún un. A ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.