Ẹsẹ̀ Alábàárù Lọ́nà Apákun

Ọdún mẹ́rìnlá ni Ìsíátù Adéyanjú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Roqeebah, fi ṣe alábàárù ní ọjà Aswani. Láti Ìsẹ́yìn ni ó ti wá sí Ìsọlọ̀. Ìdì aṣọ olówó ni ó ń rù láti ẹnu ọkọ̀ wọ inú ọjà, títí òun náà fi ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta àǹkárá. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ asáré kan tí ó ń pàdé ní òwúrọ̀ Sátidé.

Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á gba iwájú Aswani lọ sí Apákun, wọn á sì padà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Sirajudeen ń wà, ń tẹ̀ lé wọn láti gbé ẹni tí ó bá rẹ̀. Ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ tí Ìyá Roqeebah jáde, kẹ̀kẹ́ ni ó gbé e padà. Ní ìgbà karùn-ún, àwọn aláṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aswani tí wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rí i.

"Ìyá Roqeebah, ta ló ń lé yín?" ni ọ̀kan kígbe.

"Ẹni yẹn ò lè bá wọn mọ́," ni èkejì dáhùn. "Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n ti wọkọ̀ ni?"

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni ó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó pinnu pé kí ọdún tó parí, òun yóò dé Apákun, òun yóò sì fi ẹsẹ̀ ara òun padà.

Àjíbíkẹ́, olùkọ́ eré ìdárayá tí kò tíì pé ogójì ọdún, ni aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Ní Sátidé kan, ó sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Roqeebah, ó ń wò ó. Ọrùn rẹ̀ le gbagidi. Èjìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ọwọ́ òsì ń jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wà lókè, kò kúrò níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rù?"

"Kí ni mo rù báwo?"

"Ẹ wo ọwọ́ yín."

Ó wò ó, ẹ̀rín sì pa á. Láti ọjọ́ yẹn, bí oníbàárà kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, iwájú dígí ni yóò dúró sí, tí yóò máa ju ọwọ́ méjèèjì. Ó tó oṣù kan kí èjìká náà tó wálẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ti ń sún mọ́ Aswani ni èémí rẹ̀ ń tán.

"Mo ní kí ẹ sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ rin ìṣẹ́jú kan," ni Kóòṣì wí. "Ẹ kì í rìn."

"O ò rẹrù rí, Kóòṣì. Alábàárù kì í fà sẹ́yìn. Bó o bá tètè dé, lo máa tètè sọ̀. Èyí tó bá ń rọra rìn, wọn ò ní pè é mọ́."

"Kò sẹ́ni tó gbé ẹrù lé yín lórí níbí, mà."

Ní ọjọ́ náà, Ìyá Roqeebah gba aago kan lọ́wọ́ Roqeebah ọmọ rẹ̀, èyí tí ó máa ń dún bí àkókò bá pé. Ìtìjú kọ́kọ́ mú un, nítorí náà àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ni ó ti ń dán ìrìn náà wò. Ní oṣù kẹjọ, ó kọjá Aswani kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹwàá, ó dé Apákun, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ó gbé e bọ̀.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá, ó dé Apákun, ó sì yí padà. Iwájú Aswani gan-an ni aago ti dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Sirajudeen sún kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ wọlé. Ẹ ti gbìyànjú."

"Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́ fi rìn."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn."

"Ó ti rẹ̀ wọ́n o!" ni aláṣọ kan kígbe láti òdìkejì títì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré. Bí ó bá fi ìbínú bẹ́ jáde, gbogbo ojú wọ̀nyẹn ni yóò rí i, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí. Ó wo aago. Ó rìn. Wọ́n ń wò ó, ó ń rìn. Nígbà tí ìṣẹ́jú náà pé, ó tún bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Òun ni ó dé kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ ilé, Kóòṣì nìkan ni ó dúró ní ẹnu géètì pẹ̀lú omi.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà! Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ eré náà di ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ìyá Roqeebah mu omi náà tán kí ó tó dáhùn.

"Fi í sílẹ̀ ní mẹ́rin ná, Kóòṣì. Kì í ṣe ìjàdù."