Ìyá Àdúrà Gbá Géèmù ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Bí mo bá gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ìyá àdúrà ìjọ wa ní Olódò ni mo máa ń rántí. Wọn kì í sáré ríran. Wọ́n á ní, "Ohun tí ojú lè rí, ẹ má fi yọ Ọlọ́run lẹ́nu."

Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní pírámárì, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Olódò. Ta ni kò mọ̀ mí? Ibẹ̀ ni àbúrò mi, tó ń parí girama, ti sọ pé iṣẹ́ ṣíṣe géèmù ni òun máa kọ́. Bàbá wa fárígá: dókítà ni yóò ṣe. Wọ́n ní kí ìyá ríran sí i.

Ìyá ní kí wọ́n mú òun dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wọ sùtánà, wọn ò wọ bàtà, wọ́n gba páàdì tí a fi ń gbá géèmù lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin inú tẹlifíṣàn fò, ó já sí kòtò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ta ló kọ́ eléyìí ní fífò?"

Àbúrò mi dáhùn, "Àwọn tó ṣe é ni, Ìyá. Ìṣirò ni wọ́n fi ṣe é."

"Ìṣirò tí wọ́n ní ò ń sá fún yẹn?"



Ìyá kọjú sí bàbá wa. "Bàbá, ọmọ tó ń sá fún abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ kó máa gún wa? Ẹ jẹ́ kó mọ ìṣirò dáadáa, kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì."

"Ṣé ìran lẹ rí ni?"

"Rárá o. Ojú lásán ni."

Bàbá gbà. Lónìí, géèmù tí àbúrò mi ṣe wà lórí fóònù àwọn ọmọ mi. Mo máa ń fọ́nnu pé ṣọ́ọ̀bù mi ló bí i, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá purọ́ ìran pé dókítà ni Ọlọ́run wí, kí inú bàbá wa lè dùn, ta ló tó jiyàn? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ayé.