Èwo Nínú Epo?

Òórùn epo pupa ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òórùn epo tó ń gbóná lórí iná, èyí tó máa ń mú kí itọ́ ọmọdé dà. Epo tútù ni, epo inú bídọ̀n, ó sì kún inú yàrá wa débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọ́ ọ wò lẹ́nu. Mo lajú, mo rí wọn níbi tí a tò wọ́n sí, bídọ̀n méjìlá, kẹ́ẹ̀gì ńláńlá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi Sikírá ń gbórí lé. Òun ti jí ní tiẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wò wọ́n. Síkẹ́ẹ̀tì búlúù àti bùláósì funfun tó máa wọ̀ lọ síléèwé wà lórí ìṣó lókè wọn, a ti lọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán.

Èmi ni mo kó bídọ̀n wọ̀nyẹn wọlé. N kò fọwọ́ kàn wọ́n o. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, n kò lè gbé ẹyọ kan kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi ló kó wọn wá, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sì bà jẹ́, a kò tíì rí i tún ṣe títí di òní.

Adjamé ní ìlú Abidjan la ń gbé nígbà yẹn, nínú àgbàlá kan tí yàrá mẹ́sàn-án yí ẹ̀rọ omi kan ká. Àwọn Júlà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé méjì péré ni àwa Yorùbá. Láàárọ̀, èéfín èédú àti òórùn ọṣẹ ni a fi ń jí, pẹ̀lú ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú gbáká lójú títì. Treichville nínú ìlú náà ni wọ́n bí màmá wa sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Abọ́ ike, korobá àti ife ló ń tà lọ́jà Adjamé. Kò dé iléèwé rí. Ó ń sọ Júlà bí ẹni mumi, Faransé ọjà tiẹ̀ sì tó láti fi bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà títí onítọ̀hún á fi máa bẹ̀ ẹ́. Faransé orí rédíò ni kò yé e. Ó ní ńṣe ni àwọn èèyàn yẹn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí ń fọ́. Nítorí náà, bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwa ọmọ á jókòó tì í, á máa túmọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ló sábà máa ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń wí yìí, ó wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń dúró kí ó kàn án. Èmi ni mo wà nílé.

Obìnrin orí rédíò ní iye owó "carburant" máa yí padà láti ọjọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń ka àkókò ìrun. Ó lo ọ̀rọ̀ kan báyìí, "réajustement", tí n kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n mo mọ "carburant": ohun tí wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ ni. Màmá bi mí pé kí ló wí. Mo dáhùn bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa. Mo ní, "Wọ́n ní epo máa wọ́n láti ọ̀la."

Bàbá wa ní tiẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ló dàgbà sí kó tó wá máa ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Abidjan, epo sì ni wọ́n ń pe ti ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Màmá, ọmọ Treichville, "ẹ́sáǹsì" ló ń pè é. Lójú tiẹ̀, epo ni èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, kò sí òmíràn. Èmi gba Yorùbá lẹ́nu àwọn méjèèjì, n kò sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti oníkálukú.

Ká ní Bàbá wà nílé ni, kò ní ṣẹlẹ̀. Bàbá kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má béèrè pé, "Èwo?" Tí o bá ní ọkọ̀ ti dé, á ní èwo. Tí o bá ní Ìyá Músá ń kí i, á ní èwo nínú wọn. Bàbá Èwo la máa ń pè é lẹ́yìn, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí Bouaké láti ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ já ọjà fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Màmá kì í béèrè èwo. Ó máa ń tètè gbéra ni, ohun tó sì fi ń rí jẹ lọ́jà nìyẹn.

Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá. Ó wọ yàrá lọ, ó fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Owó ọkọ̀ Sikírá ló wà níbẹ̀, ti sáà àkọ́kọ́ lódindi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti yege ìdánwò, wọ́n sì ti pín in sí iléèwé girama kan ní Port-Bouët, gbáká kan àti wóròwóró kan, takisí alájọwọ̀, ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹbí wa tó máa dé girama. Màmá ti fi oṣù mẹ́jọ kó owó náà jọ. Ó ní òun kàn fẹ́ yá a lò ni, pé yóò padà sínú agolo kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pẹ̀lú èrè lórí. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wótòrò kan, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń fọwọ́ tì, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú bídọ̀n méjìlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí òórùn náà jí mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ rìn dé ojú títì, nítorí ọ̀nà iléèwé mi náà nìyẹn. Ọkùnrin tó ń gbowó gbáká ń pariwo, "Deux cents! Deux cents!" igba fránkì. Cent, ọgọ́rùn-ún, ni lánàá. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ló dé. Ọkùnrin náà ní carburant ló gbẹ́sẹ̀ sókè, kó bi ìjọba. Lẹ́bàá ibẹ̀, àwọn ìyá elépo Júlà jókòó ti agbada wọn bíi ti gbogbo ọjọ́, iye tí wọ́n ń ta ìgò epo lánàá náà ni wọ́n ṣì ń tà á. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, ó wò mí. Òun ló kọ́kọ́ yé.

Ó bi mí pé, "Mùínà, kí lo sọ fún Màmá?"

Mo sọ fún un. Kò lù mí, kò bú mi. Ó san owó náà, ó wọkọ̀ lọ.

Màmá gbé bídọ̀n kan padà lọ fún àwọn ìyá elépo lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìdí mú. Wọ́n ní àwọn á gbà á padà, ṣùgbọ́n ní ìdajì iye tí wọ́n tà á. Ẹni tó ń ta korobá kò sì lè jókòó sáàárín wọn kó máa ta epo, wọn kò ní gbà. Ó gbé e padà wálé. Ohun tó wá ń ṣe mí lójú bí idán nìyí: gbogbo nǹkan tó wà ní Abidjan ló gbówó lórí, àfi epo tó wà nínú yàrá wa. Obìnrin tó ń ta àkékè fún wa, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ìyókù ìlú ń pè ní attiéké, dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó ní ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti oko ti fowó lé e. Ẹja kúrò nínú ọbẹ̀, ó ku orí ẹja. Gáàsì tán, a kò pààrọ̀ ìgò rẹ̀ mọ́, a padà sídìí èédú. Ọbẹ̀ wa nìkan ló pọ́n. Epo wà níbẹ̀ bí omi, kò sóhun tí a máa fi sè.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wọ gbáká, ó ń fi ẹsẹ̀ rin ibi tó yẹ kó wọ wóròwóró. Aago méje ni wọ́n ń ti géètì iléèwé wọn. Á dé ibẹ̀ ní aago méje kọjá díẹ̀, á dúró síta títí di wákàtí kejì ẹ̀kọ́. Bàtà rẹ̀ já. Màmá fi okùn rán an, ó tún já.

Bàbá ti Bouaké dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bídọ̀n. Màmá ṣàlàyé pé rédíò ló ní epo máa wọ́n. Bàbá ní, "Èwo nínú epo?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó jókòó lórí bídọ̀n kan, ó bọ́ fìlà. Mo bú sẹ́kún, mo ní èmi ni. Màmá ní kì í ṣe èmi, pé òun tí òun jẹ́ àgbà ni kò béèrè. Ọjà Bàbá náà ti wọ́n kó wálé, kò sówó lọ́wọ́ tiẹ̀. Wọ́n ní kí Sikírá sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, títí epo á fi tà. Ó ká aṣọ búlúù àti funfun náà, ó tẹ̀lé Màmá lọ sọ́jà.

Oṣù méjì ló gbà. Ní ìparí oṣù kejì, àwọn onílọ́rì tó ń kó epo pupa bọ̀ láti ìgbẹ́ sọ pé gásóìlì ti ń jẹ àwọn run, wọ́n fowó lé e, epo pupa náà sì gbéra. Ọjọ́ méjì ni Màmá fi ta gbogbo bídọ̀n wa, àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ló ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣẹ́ku fún àwọn. Owó náà padà sínú agolo, ó sì lé, bó ṣe wí gẹ́lẹ́.

Bàbá mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Port-Bouët láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ iléèwé rẹ̀, ó ti fún un díẹ̀. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ṣí ìwé kan, ó fi ìka tọ ìlà kan tí wọ́n ti fi báírò pupa pa rẹ́. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. "C'est trop tard, monsieur," ó ní ó ti pẹ́ jù, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n máa rí i tí bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò béèrè èwo.

Inú bí mi sí ẹnu ara mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo wá dàgbà, mo rí i pé ibi tí kò yẹ ni mo ń bínú sí. Èmi kọ́ ni mo fowó lé epo. Mo ń bínú sí ohùn tútù yẹn, sí "réajustement" yẹn, tó túmọ̀ sí àtúntò, bí ẹni pé fìlà ni wọ́n kàn gbé tọ́ lórí. Mo ń bínú sí àwọn ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú. Epo sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo "cent" mọ́ ní Adjamé. Ohun tó bá gòkè nítorí epo kì í bá epo sọ̀kalẹ̀. Mo sì ń bínú sí ìlà báírò pupa yẹn, tí ọwọ́ ènìyàn fà, tí ọwọ́ ènìyàn sì lè dá padà tó bá fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lọ́jà mọ́. Nídìí bídọ̀n méjìlá yẹn ló ti kọ́ epo, ó wá di elépo gidi, àwọn ìyá Júlà fúnra wọn ló fà á jókòó sáàárín wọn. Owó epo rẹ̀ ló gbé mi lọ, tó gbé mi bọ̀, lójoojúmọ́, títí mo fi jáde girama. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Abidjan ni mo wà báyìí, Faransé ni mo ń kọ láti àárọ̀ di alẹ́, èyí tó le ju ti rédíò lọ. Nígbà mìíràn, èmi àti àwọn ará ọ́fíìsì máa ń lọ jẹun ọ̀sán ní Zone 4, àdúgbò àwọn olówó, nínú afẹ́fẹ́ tútù. Lóṣù tó kọjá tí wọ́n tún fowó lé epo ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn ní kí ni àwọn èèyàn ń pariwo fún, ṣebí fránkì díẹ̀ lórí lítà kan ni. Mo gbé ife omi mi sílẹ̀ kí n má baà dà á sí i lára. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó ti rédíò nílé wa mọ̀ ju ọ̀gá yẹn lọ. Ó ní epo máa wọ́n, kò ní èwo, kò sì ṣì í sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ mi lọ síléèwé fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní òun ti fi kún owó òun láti ọjọ́ kejì, kí n má bínú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, nítorí èmi ni mo wá ń mú ìròyìn wá fún wọn báyìí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, epo tún ti gbéra. À partir de demain, láti ọ̀la."

Ó ní, "Èwo?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da epo láti inú àgbá sínú bídọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè nípa àwọn onílọ́rì, tàbí iye tí yóò tọ́jú sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó ní, "Ṣé ọmọ rẹ máa lọ síléèwé lọ́la?"

Mo ní yóò lọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.