Amọ̀ Inú Ọ̀pá Verla

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Verla Haskett wọn yìnyín lórí òkè ní Idaho, ó wọn amọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ará àfonífojì wa máa ń sọ pé òkúta ni. Kì í ṣe òkúta, amọ̀ ni. Èèyàn á ti ọ̀pá irin oníhò bọ inú yìnyín títí eyín ẹnu rẹ̀ á fi bu ilẹ̀ jẹ, á fi ọ̀bẹ ha amọ̀ ìdí rẹ̀ kúrò, á wá gbé e kọ́ òṣùwọ̀n láti mọ iye omi tó wà nínú yìnyín náà, tí yóò yọ́ wá sí oko wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Verla gbàgbé ọ̀bẹ. Ọ̀gá rẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ tán, "Verla Alámọ̀" ti di orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn orúkọ náà jù ni Dwain, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbin àlùbọ́sà. Lọ́dún kan, yìnyín bo fèrèsé ahéré orí òkè, Dwain sì pinnu láti gbin oko rẹ̀ méjèèjì. Verla ní omi ò ní tó, pé yìnyín tuntun ni, ó fúyẹ́ bí òwú.

"Alámọ̀, yìnyín bo fèrèsé, o ní ò tó!"

"Fèrèsé kọ́ là ń wọ̀n. Bó bá dá ẹ lójú, wá wọ̀n ọ́n fúnra ẹ."

Dwain tẹ̀ lé e gòkè, ó wọ bàtà yìnyín tó fẹ̀ bí atẹ, ó ń kọsẹ̀, ó ń ṣépè. Gbogbo ibi tó ti ti ọ̀pá bọlẹ̀, yìnyín dé àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ní bó bá yọ́, omi rẹ̀ ò ní dé orúnkún. Níbi tó gbẹ̀yìn, Verla yọ ọ̀bẹ.

"Jọ̀ọ́, fi amọ̀ yẹn sílẹ̀," ni Dwain wí. "Díẹ̀ péré."

"Ṣé amọ̀ lo fẹ́ fi bomi rin àlùbọ́sà?"

Dwain rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú yìnyín. Dídìde ló wá di iṣẹ́.

Oko ìsàlẹ̀ nìkan ló gbìn. Omi tí ì bá pín sí oko méjèèjì mú àlùbọ́sà náà gbó kí kòtò tó ń gbé omi wá sóko tó gbẹ lóṣù kẹjọ. Ó gbé àpò kan wá fún Verla láìgbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo fi amọ̀ sílẹ̀ fún ẹ, kó lè wúwo."

Verla dà á sílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ó ń gbé ní Boise, nínú ilé kékeré kan nítòsí odò.